Ṣé igi ápù Cox's Orange Pippin lè so nínú ọgbà ilé ní Èkó?

Ọlọ́gbà Sùúrùlérè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ọlọ́gbà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá igi ápù àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Cox's Orange Pippin lè so nínú ọgbà ilé ní Èkó, mo sì fẹ́ kí ẹ sọ òtítọ́ rẹ̀ fún mi kí n tó ná owó lé e lórí, bí òtítọ́ náà kò bá tilẹ̀ dùn mọ́ mi nínú.

Ẹ̀yìnkùlé wa ní Sùúrùlérè ní àyè tí oòrùn ń dé láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Omi òjò kì í dúró níbẹ̀ pẹ́, ìbẹ́pẹ, ọsàn wẹ́wẹ́ àti ewúro sì ń ṣe dáadáa lórí ilẹ̀ náà. Nígbà tí mo ń kàwé ní Kent, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, onílé mi ní igi Cox kan lẹ́yìn ilé, láti ìgbà náà ni n kò sì tíì jẹ ápù mìíràn tí ó tẹ́ mi lọ́rùn. Adùn àti ìkan rẹ̀ dọ́gba, òórùn rẹ̀ ń gba yàrá kan bí a bá gbé èso díẹ̀ síbẹ̀, bí ó bá sì ti gbó dáadáa, tí ènìyàn mì í létí, á máa gbọ́ ìró hóró nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà fún wa létí títì dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní òórùn yẹn rárá.

Onílé mi ṣetán láti gé ẹ̀ka díẹ̀ lára igi rẹ̀ fún mi. Nítorí náà, yàtọ̀ sí ìbéèrè tí mo fi ṣáájú, mo fẹ́ mọ igi tí ó yẹ kí a lọ́ ẹ̀ka náà sára rẹ̀, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá igi kan ṣoṣo tó láti so èso. Ẹnì kan ládùúgbò tún sọ fún mi pé tí mo bá ń da omi dídì sí ìdí igi náà láràárọ̀, yóò rò pé ilẹ̀ òtútù ni òun wà. Ṣé òótọ́ ni?

Bàbá Onígi Yábà

Ẹ kú ìbéèrè, Ọlọ́gbà Sùúrùlérè. Igi náà lè wà láàyè ní Èkó, ó lè rúwé, ó lè ga, ṣùgbọ́n kò ní so bí ẹ ṣe ń fẹ́, ìmọ̀ràn mi sì ni pé kí ẹ má ṣe fi Cox bẹ̀rẹ̀ ápù gbígbìn. Ilẹ̀ yín kọ́ ni yóò dí i lọ́wọ́, kì í sì í ṣe omi tàbí ajílẹ̀. Òtútù ni kò sí.

Ilẹ̀ olótùútù ni ápù ti ṣẹ̀ wá. Igi igbó tí àwọn onímọ̀ gbà pé ó jẹ́ baba ńlá rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Malus sieversii, ṣì ń hù títí di òní lórí àwọn òkè Tian Shan ní Kazakhstan, níbi tí yìnyín ti máa ń bo ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kí òtútù má baà pa òdòdó rẹ̀, igi náà máa ń sùn: á wọ́ ewé sílẹ̀, á ti gbogbo ìrudi rẹ̀ pa, kò sì ní ṣí wọn títí yóò fi dá a lójú pé ìgbà òtútù ti kọjá. Ohun tí ó fi ń mọ̀ ni pé ó ń ka wákàtí. Wákàtí tí afẹ́fẹ́ bá fi wà láàrin 0 sí nǹkan bí 7 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni àwọn ọlọ́gbà sábà máa ń ṣírò fún un, oríṣi ápù kọ̀ọ̀kan sì ní iye tí ó gbọ́dọ̀ pé kí ó tó jí. Cox wà lára àwọn tí ó ń béèrè púpọ̀; iye tirẹ̀ lé ní 800 wákàtí. Ní Èkó tiwa, nígbà tí ọyẹ́ bá mú gan-an tí gbogbo ènìyàn ń wọ súwẹ́tà, òru wa kì í sábà tutù kọjá 20. Bí ọdún bá yí po, wákàtí tí igi yín yóò rí kà kò ní ju òdo lọ.

Igi tí kò rí òtútù tó kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń tan ara wọn. Ewé á yọ ní ṣóńṣó ẹ̀ka nìkan, àárín ẹ̀ka á wà ní ìhòòhò. Òdòdó kan á là lóṣù yìí, òmíràn á là lẹ́yìn oṣù méjì, tí wọn kò fi ní bá ara wọn pàdé, ọ̀pọ̀ ìrudi á sì gbẹ dànù láìṣí. Lọ́dọọdún ni agbára igi náà á máa rẹlẹ̀ sí i.

Ní ti omi dídì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dán an wò. Ìrudi tí ó wà lórí ẹ̀ka ni ó ń ka òtútù, kì í ṣe gbòǹgbò. Bí ẹ bá kó omi dídì yí ìdí rẹ̀ ká láti àárọ̀ di alẹ́, ìrudi tí ó wà lókè kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀, gbòǹgbò ni ẹ ó kàn pa lára.

Ohun kan tún wà tí onílé yín á ti mọ̀ dáadáa: Cox kì í ṣe igi tí ó rọrùn láti tọ́jú, àní nínú ìlú rẹ̀ pàápàá. Richard Cox, tí ó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ọtí pípọn, ni ó gbin hóró tí igi àkọ́kọ́ ti hù, ní Colnbrook ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí ọdún 1825. Wọ́n gbà pé láti inú èso Ribston Pippin ni hóró náà ti wá. Ó kú ní ọdún 1845, kò sì rí òkìkí tí ápù rẹ̀ ní, nítorí pé láàrin àwọn ọdún 1850 ni Charles Turner, tí ó ní ọgbà ọ̀gbìn ní Slough, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á káàkiri. Gbogbo igi Cox tí ó wà láyé lónìí, ẹ̀ka tí a gé lára ẹ̀ka ni, láti ara igi kan ṣoṣo yẹn. Àìlera igi yẹn ni gbogbo wọn sì jogún: àrùn èépá tí ń mú ewé àti èso dúdú, èbu funfun tí ń bo ọ̀mùnú ewé, àti egbò tí ń jẹ èèpo ẹ̀ka yí po. Èépá àti egbò yìí fẹ́ràn ibi tí ewé àti èèpo kì í ti í tètè gbẹ. Ẹ wá ronú nípa òjò Èkó láti oṣù kẹrin sí oṣù keje, tí ó sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, tí ó tún padà wá ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá. Bí ẹnì kan bá tilẹ̀ gbé òtútù wá fún igi náà, àrùn ni yóò kù tí yóò máa bá a jà.

Igi kan ṣoṣo kò tó. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó Cox kò lè mú kí òdòdó Cox so. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹnìkejì tí ó jẹ́ oríṣi mìíràn, tí àwọn méjèèjì ń tanná pọ̀ lásìkò kan náà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, James Grieve ni ọ̀pọ̀ ń gbìn tì í. Ìyẹn náà sì nílò òtútù tirẹ̀.

Ní ti igi ìdí, èyí tí a ń lọ́ ẹ̀ka sára rẹ̀, ibùdó ìwádìí East Malling ní Kent, tí kò jìnnà sí ibi tí ẹ ti kàwé, ni wọ́n ti ṣe àwọn tí ó gbajúmọ̀ jù lágbàáyé. M9 ń jẹ́ kí igi kúrú, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ kò lágbára, ó sì gbọ́dọ̀ ní òpó tí ó fara tì ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. MM106 dára, àmọ́ ìdí rẹ̀ tètè ń jẹrà níbi tí omi bá ń dúró. MM111 ni mo fẹ́ràn jù fún irú ilẹ̀ tiwa, nítorí pé ó ń fara da ọ̀gbẹlẹ̀, ó sì ń fara da ilẹ̀ tí kò dára tó. Ṣùgbọ́n kò sí igi ìdí kankan tí ó lè ka òtútù dípò ìrudi Cox. Èyí ni kí ẹ fi sọ́kàn.

Ìyá Ẹlẹ́wé Èbúté Mẹ́ta

Ọmọ mi, gbogbo ohun tí Bàbá sọ nípa Cox ni mo gbà. Àmọ́ n kò fẹ́ kí o kúrò níbí pẹ̀lú èrò pé ápù kò lè so létí ọ̀sà, nítorí pé ó ń so. Oríṣi tí ènìyàn mú ni gbogbo ọ̀rọ̀.

Ìlú Nassau ní erékùṣù Bahamas, etíkun gbáà, ni wọ́n ti rí ápù tí wọ́n ń pè ní Dorsett Golden, lọ́wọ́ obìnrin kan tí ń jẹ́ Irene Dorsett. Kì í ṣe orí òkè, kì í ṣe ilẹ̀ yìnyín; ibi tí àgbọn ti ń hù ni. Òtútù tí ápù yìí ń béèrè kéré gan-an, kò tó 200 wákàtí, ó sì ń so fún àwọn kan níbi tí kò tilẹ̀ ti rí ìyẹn. Òmíràn ni Anna, tí Abba Stein ṣe ní abúlé Ein Shemer ní Ísírẹ́lì, nítorí pé ó fẹ́ ápù tí ó lè fara da ooru ilẹ̀ wọn. Anna ń béèrè ju Dorsett Golden lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ń tanná pọ̀, wọ́n sì ń fún ara wọn ní lẹ́búlẹ́bú. Àwọn méjèèjì ni mo ní nínú dúrọ́ọ̀mù tí a gé sí méjì lẹ́yìn ilé mi. Wọ́n ń so. Kì í ṣe púpọ̀, èso wọn kò sì tóbi bí ti inú páálí, ṣùgbọ́n ápù ni, àwọn ọmọ ọmọ mi sì ń ká a fúnra wọn.

Òtútù kò tó fún Anna ní Èkó, nítorí náà ewé rẹ̀ ni mo máa ń já. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ Batu ní erékùṣù Java, ní orílẹ̀-èdè Indonesia, ni ọgbọ́n yìí ti wá. Ìlà tí ó pín ayé sí méjì kò jìnnà sí ibẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ń ká ápù níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé, nígbà tí wọ́n bá kórè tán, tí nǹkan bí oṣù kan kọjá, wọn á fi ọwọ́ já gbogbo ewé igi náà, wọn á sì fi okùn tẹ ẹ̀ka wálẹ̀ kí ó lè nà gbọọrọ. Ìrudi tí ewé tuntun àti òdòdó wà nínú rẹ̀ á ṣí kí ó tó ráyè wọ oorun líle. Nítorí pé igi náà kò sùn, kò nílò òtútù tí yóò jí i. Oríṣi tí wọ́n sábà ń gbìn níbẹ̀ ni Rome Beauty, ápù àtijọ́ ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kì í sì í ṣe àwọn tí ó ń béèrè òtútù kékeré. Lóòótọ́, orí òkè ni Batu wà, òru wọn tutù ju tiwa lọ, nítorí náà n kò ní sọ pé kí o lọ mú Rome Beauty tàbí Cox kí o máa já ewé rẹ̀ ní Sùúrùlérè. Fún Anna àti Dorsett Golden ni mo ń sọ.

Bí mo ṣe ń ṣe tèmi nìyí. Bí òjò bá ti ń lọ tán, ní oṣù kọkànlá, mo máa ń dín omi wọn kù títí ewé á fi le, tí á sì máa pọ́n díẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá ni mo ń já ewé, gbogbo rẹ̀ pátá, láti ìsàlẹ̀ dé ṣóńṣó. Ẹni tí ó bá já ìdajì tí ó fi ìdajì sílẹ̀, iṣẹ́ lásán ni ó ṣe. Ọwọ́ jẹ́jẹ́ ni a fi ń já a o, nítorí pé ìrudi wà ní ìdí ewé kọ̀ọ̀kan, bí o bá sì fà á lulẹ̀, òdòdó ni o ń fà dànù. Lẹ́yìn náà ni mo ń bomi rin wọ́n dáadáa, tí mo sì ń fún wọn ní ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jẹrà pátápátá. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, òdòdó á yọ, funfun tí ó ní pupa díẹ̀ létí. Ọyẹ́ ti ń fẹ́ nígbà náà, ewé tútù kò ní wà tí àrùn á gùn, èso á sì gbó kí òjò oṣù kẹfà tó dé. Ìdí tí mo fi yan oṣù kejìlá gan-an nìyí.

Kòkòrò oyin kì í pọ̀ ládùúgbò mi lásìkò ọyẹ́, nítorí náà mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré tí ọmọ iléèwé fi ń kun àwòrán gbé lẹ́búlẹ́bú láti òdòdó Anna sí ti Dorsett Golden, kí n tó tún gbé e padà. Àárọ̀, nígbà tí òdòdó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ni ó dára jù.

Ọ̀tá tí ó le jù lẹ́yìn ìyẹn ni eṣinṣin èso. Èyí tí ń ba máńgòrò wa jẹ́, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní ilẹ̀ Áfíríkà ní Kenya ní ọdún 2003, kò fi ápù sílẹ̀. Bí èso bá ti tó ọmọ àgbálùmọ̀ kékeré, mo ń fi àpò bébà wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ń dì í lẹ́nu. Èyí tí ó bá jábọ́, mo ń ṣà á lójoojúmọ́, mo sì ń rì í mọ́lẹ̀ jinlẹ̀, nítorí pé ìdin inú rẹ̀ ni yóò di eṣinṣin tí yóò padà wá. Oòrùn oṣù kejì náà máa ń jó èèpo ẹ̀ka tí kò ní ewé, nítorí náà mo ń po ẹfun mọ́ omi, mo sì ń fi kun ìdí igi àti àwọn ẹ̀ka ńlá.

Aṣọ́ Ọ̀gbìn

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀ka tí onílé yín fẹ́ gé fún yín, nítorí pé nídìí àyẹ̀wò ọ̀gbìn ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dì í sínú àpótí aṣọ wá fún yín. Ẹni tí ó bá fẹ́ kó ọ̀gbìn tútù wọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ Nigeria Agricultural Quarantine Service kí ọ̀gbìn náà tó kúrò níbi tí ó wà, ìjọba orílẹ̀-èdè tí ó ti ń bọ̀ sì gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé ẹ̀rí pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì ní àrùn. Bí méjèèjì kò bá sí, ẹ̀tọ́ wọn ni láti gbà á ní pápákọ̀ òfuurufú kí wọ́n sì jó o.

Òfin yìí kì í ṣe láti fi ni yín lára. Àrùn kan wà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní fire blight, tí kòkòrò àìfojúrí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Erwinia amylovora ń fà. Ó máa ń jẹ́ kí ṣóńṣó ẹ̀ka tẹ̀ kọdọrọ, kí ewé sì dúdú bí ẹni pé iná jó o. Ní ọdún 1957 ni wọ́n rí i ní Kent, ìgbà àkọ́kọ́ tí ó wọ Yúróòpù nìyẹn, ó sì ti tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè níbẹ̀ láti ìgbà náà. Ẹ̀ka lè gbé e dání láìsí àmì kankan lójú. Àwọn ará wa kan ń gbìyànjú ápù lórí òkè Jos àti ní Mambilla, níbi tí ojú ọjọ́ ti bá a mu ju Èkó lọ. Ẹ̀ka kan ṣoṣo tí a kò yẹ̀ wò lè ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ Anna tàbí Dorsett Golden, ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tí ó lè fi ìwé rẹ̀ hàn yín.

Ọmọ Ìdúmọ̀tà

Mo kí gbogbo ilé o. Bàbá, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Bí ó bá jẹ́ wákàtí òtútù ni Cox ń kà, tí igi náà sì wà nínú ike, kí ló dé tí a kò lè gbé e lọ sínú yàrá òtútù fún ìgbà tí ó tó, kí a sì gbé e padà síta? Àwọn tí ń ta ẹja òkú Èkó ní yàrá bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi níbí.

Bàbá Onígi Yábà

Ìbéèrè tí ó ní làákàyè ni, ọmọ Ìdúmọ̀tà, ó sì yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ní ti ìmọ̀, ó ṣeé ṣe. Igi tí ó ti wọ́ ewé kò nílò ìmọ́lẹ̀, nítorí náà òkùnkùn yàrá kò ní pa á lára. Bí a bá pín 800 wákàtí sí ọjọ́, ó lé díẹ̀ ní ọjọ́ 33. Bí ó bá jẹ́ 1,000, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọjọ́ 42. Oṣù kan àti ààbọ̀ kò pọ̀ jù fún ẹni tí ó bá fẹ́ nǹkan.

Ṣùgbọ́n yàrá ẹja kọ́. Yàrá ẹja òkú Èkó máa ń tutù tó 18 sí ìsàlẹ̀ òdo. Gbòǹgbò tí ó wà nínú ike á dì, igi á sì kú. Yàrá tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀fọ́, tí ó wà ní nǹkan bí 4 tàbí 5, ni ó yẹ. Níbẹ̀ náà, kò gbọdọ̀ sí èso tí ó ń pọ́n lọ́wọ́, nítorí pé gáàsì ethylene tí èso ń tú jáde lè ba ìrudi tí ó ń sùn jẹ́. Erùpẹ̀ inú ike kò gbọdọ̀ gbẹ. Iná mànàmáná kò gbọdọ̀ lọ pẹ́, nítorí pé bí ooru bá wọlé fún ọjọ́ mélòó kan, ó lè pa lára wákàtí tí igi ti kà rẹ́. Igi kejì, James Grieve tàbí òmíràn, gbọ́dọ̀ wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Ọdọọdún ni ẹ ó sì máa ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé gbogbo èyí bọ́ sí i. Òdòdó á yọ, èso á so, àmọ́ inú ooru Èkó ni èso náà yóò ti gbó. Cox nílò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí kò gbóná jù àti òru tútù ní ìgbà tí ó bá ń gbó, ní ìparí oṣù kẹsàn-án àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá lọ́hùn-ún. Òru tútù yẹn wà lára ohun tí ń fún un ní pupa àti òórùn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ká a, wọ́n tún máa ń fi pamọ́ síbi tútù fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí adùn rẹ̀ tó pé. Òórùn tí Ọlọ́gbà Sùúrùlérè ń wá ni n kò rò pé yóò wà nínú èso tí ó gbó ní oṣù karùn-ún ní Èkó, bí a tilẹ̀ ná gbogbo owó yẹn. Ohun tí ó jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ mi bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọlọ́gbà Sùúrùlérè

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Ó dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ó yé mi. Mo ti kọ̀wé sí onílé mi pé kí ó má ṣe gé ẹ̀ka kankan. Dorsett Golden àti Anna ni mo fẹ́ wá báyìí.

Ìbéèrè tí ó kù mi kù nìyí: ṣé mo lè gbin hóró ápù tí a ń rà létí títì nígbà tí mo ń dúró? Mo ti gbé díẹ̀ sínú erùpẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò hù.

Ìyá Ẹlẹ́wé Èbúté Mẹ́ta

Hóró náà ń sùn bí igi ṣe ń sùn ni, ọmọ mi, ìdí nìyẹn tí kò fi hù. Fọ̀ ọ́, fi bébà tàbí aṣọ tí ó rin díẹ̀ wé e, fi sínú ọ̀rá, kí o sì gbé e sínú fìríìjì, kì í ṣe inú fìríìsà, fún oṣù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Máa yẹ̀ ẹ́ wò kí ó má baà hu èbu. Nígbà tí o bá rí i tí ó ń yọ gbòǹgbò funfun, kó o sínú erùpẹ̀.

Ṣùgbọ́n má ṣe retí pé yóò jọ ìyá rẹ̀. Ápù kì í bí ara rẹ̀ láti inú hóró. Ọ̀tọ̀ ni ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó sì lè gba ọdún mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó so níbi tí ojú ọjọ́ bá bá a mu, ká má tíì sọ ti Èkó. Àǹfààní tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé o lè fi ṣe igi ìdí. Bí ìdí rẹ̀ bá ti tó ìka ìlábẹ̀, o lè gé ẹ̀ka Anna tìrẹ kí o sì lọ́ ọ sára rẹ̀, ní tìrẹ, láìsí pé o tún ń ra igi mìíràn.

Bàbá Onígi Yábà

Òótọ́ ni Ìyá sọ. Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un fún Ọlọ́gbà Sùúrùlérè, nítorí pé mo mọ ohun tí ó ń wá. Ápù pupa aláwọ̀ ọsàn tí ń wá láti Gúúsù Áfíríkà, tí wọ́n ń pè ní Royal Gala, ìdílé Cox ni. J. H. Kidd ní New Zealand ni ó pa Cox pọ̀ mọ́ ápù pupa tí wọ́n ń pè ní Delicious tí ó fi rí Kidd's Orange Red. Ó sì tún pa ìyẹn pọ̀ mọ́ Golden Delicious tí ó fi rí Gala. Ọmọ ọmọ Cox ni Gala, nítorí náà. Ẹ ra èyí tí ó le, tí kò tíì pẹ́ lórí àtẹ, kí ẹ má ṣe jẹ ẹ́ ní tútù láti inú fìríìjì. Ẹ gbé e síta di ọjọ́ kejì kí ooru lè mú òórùn rẹ̀ jáde, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ là á. Díẹ̀ nínú òórùn yẹn á wà níbẹ̀.

Ọlọ́gbà Sùúrùlérè

Màá ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ìyá, nígbà wo ni kí n gbin àwọn méjèèjì tí mo bá rí wọn, ṣé inú dúrọ́ọ̀mù náà ni àbí inú ilẹ̀?

Ìyá Ẹlẹ́wé Èbúté Mẹ́ta

Dúrọ́ọ̀mù ni, ó kéré tán fún ọdún méjì àkọ́kọ́, kí o lè gbé wọn sá fún òjò tí ó bá pọ̀ jù, kí o sì lè fi omi dù wọ́n nígbà tí ó bá tó àsìkò. Lu ihò púpọ̀ sí ìdí rẹ̀, gbé e lé orí búlọ́ọ̀kù kí ikán má baà gba abẹ́ wọ ọ́, kí o sì po ilẹ̀ dúdú mọ́ iyanrìn odò tí a ti fọ̀, nítorí pé iyanrìn etí òkun ní iyọ̀. Oṣù kẹsàn-án ni kí o gbìn wọ́n, nígbà tí òjò kejì bá bẹ̀rẹ̀. Ojú tí a ti lọ́ ọ kò gbọdọ̀ wọ inú erùpẹ̀. Jẹ́ kí ó ga tó àtẹ́lẹwọ́ kan lókè. Má ṣe já ewé wọn ní oṣù kejìlá ọdún yìí o. Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ nípọn. Ní ọdún tí ń bọ̀, bí ẹ̀ka wọn bá ti tó pẹ́ńsùlù, kọ̀wé sí mi ní oṣù kọkànlá, kí a jọ wò ó bóyá wọ́n ti tó já.